Ètò ọdún 25 fún dídín èéfín kábọ́ọ̀nù kù nínú ọgbà yunifásítì

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ti kéde ọdún tí wọ́n fẹ́ kí èéfín kábọ́ọ̀nù wọn di òdo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bọ́ílà tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ bá kú lójijì la máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, ẹ̀ka iṣẹ́ ń wá ohun tí wọn yóò rí rà kíá, oníṣòwò ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ nílẹ̀. Wọ́n rà á, wọ́n gbé e sípò, ara tu gbogbo èèyàn. Bọ́ílà tuntun a sì máa lò tó 20 ọdún sí 25. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, yunifásítì ti fọwọ́ sí i pé gáàsì ni ilé náà yóò máa jó títí di nǹkan bí ọdún 2050, kò sì sí ẹni tó jókòó ṣèpàdé lé e lórí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kàlẹ́ńdà ni ètò kábọ́ọ̀nù tó bá máa ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ wo ni yóò gbó lọ́dún wo, kí la máa fi rọ́pò rẹ̀, ta ló máa sanwó, ta ló máa fọwọ́ sí i. Ìwé yìí wà fún ẹni tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀ka iṣẹ́, ì báà jẹ́ ní ọ́fíìsì akápò, ì báà jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ló ni iṣẹ́ náà?

Ìgbìmọ̀ tí kò láṣẹ lórí owó lè ṣèpàdé, ó lè gbin igi, ó lè lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí a máa pa iná. Ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Ẹ jẹ́ kí gíwá yan ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí iṣẹ́ náà, kí ẹni náà sì ní ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó ilé àti ẹ̀rọ. Akápò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún mú ẹnì kan tàbí méjì nínú àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí àwọn ló mọ èyí tó ti ń kọṣẹ́ kó tó hàn nínú ìwé èyíkéyìí. Kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì fọwọ́ sí ètò náà fúnra wọn, torí gíwá máa ń yí padà, ètò yìí yóò sì rí gíwá bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tó ń jáde

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò kárí ayé láti ka èéfín tó ń mú ayé gbóná ni GHG Protocol, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001. Ó pín ìtújáde sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń jó tàbí tó ń jò nínú ọgbà: dísẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rọ amúnáwá, gáàsì inú bọ́ílà, epo inú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́, gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù. Ìsọ̀rí kejì ni iná mànàmáná tí ẹ rà. Ibòmíràn ni èéfín rẹ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n nítorí yín ni. Ìsọ̀rí kẹta ni gbogbo ìyókù: ìrìn àjò ọkọ̀ òfuurufú, bí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá láti ilé, oúnjẹ, kọ̀ǹpútà, sìmẹ́ǹtì àti irin tí ẹ fi ń kọ́lé, títí dórí pàǹtírí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsọ̀rí kìíní àti ìkejì, torí ìwé owó wọn wà lọ́dọ̀ akápò. Ẹ kó ti ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra jọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ mú iye tí ẹ lò, kí ẹ fi iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tí a bá jó ń tú nǹkan bíi kílò 2.68 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde; lítà bẹntiróòlù kan, nǹkan bíi 2.3. Bí ẹ̀rọ amúnáwá ilé ìkàwé bá ń mu lítà 200 lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dún, lítà 60,000 nìyẹn, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 161. Ti iná mànàmáná yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nítorí iná tí wọ́n fi èédú ṣe kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí omi odò ń ṣe. Ẹ lo iye tí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ iná ibẹ̀ bá gbé jáde, kí ẹ kọ ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ó ń yí padà lọ́dọọdún.

Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fò dá. R-410A, tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù lọ́pọ̀lọpọ̀, ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní 2,000 ju afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ. Kílò márùn-ún tó bá jò nínú ẹ̀rọ kan ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kábọ́ọ̀nù lọ. Ìyẹn tó bí ìgbà tí ẹ jó dísẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ lítà 4,000. Kò sí mítà tó ń ka èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà: iye gáàsì tí mẹkáníìkì rọ sínú ẹ̀rọ lọ́dún ni iye tó ti jò. Ẹ pa á láṣẹ pé kó máa kọ irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé iṣẹ́ kó tó gba owó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó yan ọdún ìpìlẹ̀, ọdún tí ẹ ó máa fi gbogbo ọdún tó ń bọ̀ wé. Kó jẹ́ ọdún tí nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Bí ọgbà yín bá wà ní títì lọ́dún 2020 nítorí àrùn Korona, ẹ má lò ó, torí gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò dà bí ìfàsẹ́yìn. Ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo mítà lóru

Ìwé owó iná ń sọ iye tí gbogbo ọgbà lò, kò sọ ibi tó gbà lọ. Ẹ fi mítà sí ilé kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó ń kọ iye sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30. Bí owó kò bá tó, ilé mẹ́wàá tó tóbi jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá wo ohun tó kọ sílẹ̀ ní aago méjì òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kò sí kíláàsì, tí gbogbo ọ́fíìsì sì wà ní títì.

Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ń fa kílówáátì 200 lọ́sàn-án, tó tún ń fa 120 lóru. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pe ẹni tó ń tún iná ṣe, kí ẹ jọ wọ inú ilé náà. Ẹ ó bá fáànù ńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gbọ̀ngàn òfìfo. Ẹ ó bá ẹ̀rọ tó ń se omi fún balùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ó rí i pé aago tó yẹ kó máa pa ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹnì kan ti yí kúrò nípò rẹ̀ nítorí ayẹyẹ kan, tí kò sì sẹ́ni tó rántí dá a padà. Gbogbo èyí kò ná yín ní ẹ̀rọ tuntun kankan. Ẹni tí yóò máa wo mítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ nílò, tó sì láṣẹ láti pe ilé náà kó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láàbù ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá síta, ń jẹ agbára ju bí ojú ṣe rí i lọ: ẹyọ kan lè gba agbára tó ju ti ilé ìdílé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, torí afẹ́fẹ́ tí ẹ ti náwó mú tutù tàbí gbóná ló ń dà síta tọ̀sántòru. Níbi tí fáànù rẹ̀ bá lè dín eré kù, títi gíláàsì náà sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ti tó. Fírísà tó ń tọ́jú ohun ìwádìí ní ìwọ̀n òtútù -80 náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí -70, iná tó ń jẹ dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fi ìwé àṣẹ ṣe èyí o. Ẹ lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù, kí ẹ bèèrè ohun tó wà nínú fírísà náà, kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tó lè gba -70 àti èyí tí kò lè gbà á. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ẹnì kan lè wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé ọjọ́ orí ẹ̀rọ

Bí ẹ kò bá ráyè ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ mú. Ẹ ṣí ojú ìwé Excel kan, kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń jó epo, tó ń mú nǹkan gbóná tàbí tutù, àti gbogbo ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ẹ rà á, ọdún tó yẹ kó gbó, ohun tó ń jẹ lọ́dún, tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù rẹ̀, ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ọjọ́ ìpinnu.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kan. Bọ́ílà kejì, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 2008 ni wọ́n rà á, nǹkan bí ọdún 2031 ló yẹ kó gbó. Pọ́ǹpù ooru la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ bíi fìríìjì tí a yí ojú rẹ̀ padà, tó ń fa ooru láti ìta wọlé. Kílówáátì iná kan tó bá jẹ lè mú ooru bíi mẹ́ta wá. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ooru kò fẹ́ràn omi tó gbóná jù, torí náà páìpù àti ohun tó ń tan ooru nínú yàrá gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú omi tí kò ju ìwọ̀n 55 tàbí 60 lọ. Ó tún fẹ́ wáyà tó nípọn, bóyá tiransifọ́mà tuntun pàápàá. Ó fẹ́ kí òrùlé àti fèrèsé máa di ooru mú. Iṣẹ́ ọdún méjì sí mẹ́ta ni gbogbo èyí. Nítorí náà ọjọ́ ìpinnu bọ́ílà tó máa gbó ní 2031 ni 2028, owó tiransifọ́mà sì gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìnáwó ọdún yẹn. Ẹ̀ka iṣẹ́ tó bá dúró di 2031 kò ní rí ohun mìíràn rà ju bọ́ílà gáàsì mìíràn lọ.

Ẹ̀rọ máa ń kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ náà. Fún ìyẹn, ẹ ti bá ẹni tó ń yáni ní bọ́ílà orí ọkọ̀ ṣàdéhùn sílẹ̀, kí ẹ yá a fún oṣù mélòó kan títí tí èyí tó tọ́ yóò fi dé. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìrajà yunifásítì pé kò sí ẹ̀rọ tó ń jó epo tí a lè rà láìjẹ́ pé ẹni tó ni ètò kábọ́ọ̀nù fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ìlà kan yìí lágbára ju ojú ìwé ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi àwòrán ewé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ.

Ẹ kọ òrùlé sínú ìwé yìí pẹ̀lú. Òrùlé tó ku ọdún mẹ́fà kó gbó kò yẹ fún pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó máa lo ọdún 25. Ẹ ó kàn máa tú u sílẹ̀ láìpẹ́ ni. Ọdún tí ẹ bá ń pààrọ̀ òrùlé ni kí pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan góńgó àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀

IPCC, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ lọ́dún 2018 pé kí ooru ayé má baà fi ju ìwọ̀n 1.5 lọ sí ti ìgbà tí iléeṣẹ́ ńláńlá kò tíì dé, kábọ́ọ̀nù gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2010 nígbà tó bá fi máa di 2030, kó sì di òdo ní nǹkan bí ọdún 2050. Yunifásítì máa ń mú ọdún 2050 yẹn, kí wọ́n gbàgbé 2030.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ká ní yunifásítì mẹ́ta ń tú tọ́ọ̀nù 20,000 jáde lọ́dún, tí gbogbo wọn sì fẹ́ di òdo lẹ́yìn ọdún 25. Èyí tó ń dín in kù ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún yóò tú tọ́ọ̀nù 250,000 jáde lápapọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dín in dé ìdajì láàárín ọdún mẹ́wàá yóò tú 225,000. Èyí tó fọwọ́ lẹ́rán fún ogún ọdún, tó wá sáré ní ọdún márùn-ún tó gbẹ̀yìn, yóò tú 450,000. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ṣe ayẹyẹ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú ọ̀run ni ayé yóò fara gbá. Nítorí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún ìparí, ẹ kọ àpapọ̀ tọ́ọ̀nù tí ẹ kò ní kọjá, kí ẹ sì pín in sí ọdún márùn-ún márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èwo ló ṣáájú?

Ẹ kọ́kọ́ dín ohun tí ilé ń lò kù, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tuntun, torí ilé tí ooru rẹ̀ kò jò nílò ẹ̀rọ kékeré. Níbi tí oòrùn ti ń mú, ìbòòji lójú fèrèsé àti òrùlé aláwọ̀ funfun ló ṣáájú ẹ̀rọ amúlétutù tuntun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ohun tó ń jó epo padà sí èyí tó ń lo iná, kí ẹ sì wá bí iná náà yóò ṣe mọ́.

Àwọn kan ti ṣe é. Ball State University ní Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ lọ́dún 2009, ó lé ní 3,600 ihò, kí ooru inú ilẹ̀ lè máa mú ọgbà móoru kó sì máa mú un tutù. Nígbà tó di 2014, wọ́n pa bọ́ílà èédú wọn. Stanford tú páìpù oru omi híhó rẹ̀ kúrò, ó fi ti omi gbígbóná rọ́pò, láti 2015 ló sì ti ń fi ooru tí wọ́n fà kúrò nínú ilé kan mú ilé mìíràn gbóná. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni páìpù abẹ́ ilẹ̀: ìgbà tí ti àtijọ́ ń gbó ni àǹfààní ń bẹ.

Ní ti iná mímọ́, ẹ lè ṣe é lórí òrùlé yín, bí Strathmore University ní Nairobi ṣe gbé pánẹ́ẹ̀lì kílówáátì 600 sórí òrùlé rẹ̀ lọ́dún 2014. Bí ààyè kò bá tó, ẹ lè ṣàdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe iná oòrùn níbòmíràn. American University àti George Washington University para pọ̀ ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2014: ọdún 20, mẹ́gáwáátì 52, láti North Carolina. Yunifásítì kékeré méjì tàbí mẹ́ta lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀ kí oníṣòwò tó dá wọn lóhùn. Níbi tí iná ti máa ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ṣírò bátìrì mọ́ ọn, kó jẹ́ pé ìgbà tí bátìrì bá tán nìkan ni ẹ̀rọ amúnáwá yóò dún.

Ìgbésẹ̀ keje: owó

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú owó tó máa gbà, kí ẹ yọ owó tí yóò bá yín pa mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá pín èyí tó kù sí iye tọ́ọ̀nù tí yóò dín kù. Ìdáhùn rẹ̀ ni owó tọ́ọ̀nù kan. Ti aago ẹ̀rọ amúlétutù yóò kéré sí òdo, ìyẹn ni pé èrè ló ń mú wá; ti fèrèsé tuntun lè ga gan-an. Ẹ má wá tìtorí èyí ṣe àwọn tó rọrùn nìkan. Bí ẹ bá ti he gbogbo èrè tó wà nílẹ̀ tán, kò ní sí owó tí yóò gbé àwọn tó wúwo. Ẹ so wọ́n pọ̀: iná LED àti aago ilé kan pẹ̀lú fèrèsé àti pọ́ǹpù ooru ilé kan náà, kí èrè èyí máa gbé ìnáwó ìyẹn.

Àpò àyípo ṣeé gbára lé. Harvard dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2001: ẹ̀ka yá owó fún iṣẹ́ tó ń dín agbára kù, ó fi owó iná tí kò san mọ́ dá a padà, ẹlòmíràn sì yá a. Yale gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2017, ó fi dọ́là 40 sórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka tó bá ṣe dáadáa ju gbogbo ọgbà lápapọ̀ lọ máa ń gba owó, èyí tó bá rẹ̀yìn máa ń san. Bí ẹ kò tilẹ̀ lè gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ fi owó kábọ́ọ̀nù sínú ìṣirò ìgbà tí ẹ bá ń yan láàárín ẹ̀rọ méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn nìkan máa ń yí ìdáhùn padà.

Ìsọ̀rí kẹta àti kírẹ́dítì kábọ́ọ̀nù

Ìsọ̀rí kẹta lè pọ̀ ju méjèèjì tó kù lọ, ó sì ṣòro kà. Ẹ mú mẹ́ta: ọkọ̀ òfuurufú, ilé tuntun, àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wá sí ọgbà. Fún ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì máa fi ìwé ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ sì fi ààyè gba olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju ọ̀gá tó ń lọ ìpàdé ọjọ́ kan lọ. Fún ilé tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀: ẹ ka iye wákàtí tí èèyàn ń lo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílẹ̀. Àtúnṣe ilé àtijọ́ kì í jẹ sìmẹ́ǹtì àti irin tó ti tuntun.

Ní ti ríra kírẹ́dítì, ìyẹn sísan owó fún ẹlòmíràn kó dín kábọ́ọ̀nù kù níbòmíràn kí ẹ lè kà á sí tiyín, láti fi pa kábọ́ọ̀nù rẹ́ lórí ìwé, ẹ fi sí ìparí pátápátá. University of California ṣèlérí lọ́dún 2013 pé àwọn yóò di òdo ní 2025. Nígbà tó di 2023, wọ́n yí ètò náà padà sí dídín ìtújáde wọn gan-an kù ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti 2019, ó pẹ́ tán ní 2045. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà. Owó kírẹ́dítì ẹ ó tún san án lọ́dún tó ń bọ̀, páìpù sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Owó pọ́ǹpù ooru ẹ ó san án lẹ́ẹ̀kan.

Ìtọ́jú ètò náà

Ẹ máa gbé iye ọdọọdún jáde ní oṣù kan náà, ì báà dára, ì báà burú, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Bí òtútù ọdún kan bá pọ̀ tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìpíndọ́gba orí akẹ́kọ̀ọ́ bo àpapọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ẹ tún ìwé ọjọ́ orí ẹ̀rọ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí owó bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì kò dúró sójú kan, ohun tó wọ́n jù nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣírò lè ti bọ́ sí ìkáwọ́ yín. Bí ẹ bá kọ́ ilé ìwòsàn tuntun tàbí tí ẹ gba ilé ẹ̀kọ́ mìíràn mọ́ra, ẹ ṣàtúnṣe ọdún ìpìlẹ̀ kí ìfiwéra lè tọ́.

Kí ojú ìwé ìṣirò náà má wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan. Ẹ gbé e síbi tí ẹ̀ka iṣẹ́, akápò àti ẹni tó ni ètò lè jọ ṣí i. Ní ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìwé owó tó ti wá, ẹni tó kọ ọ́, àti ọjọ́ tó kọ ọ́, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lè tẹ̀ síwájú láti ìlà tí ẹ dé.